Ìbínú Oògùn, Ìbínú Tèmi

Ìjà ni wọ́n fi pàdé. Onídígí ti gé dígí fún gbogbo fèrèsé ilé tuntun kan tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn títì, ó fi aṣọ òwú wé wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó kó wọn débẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí ó fẹ́ ki àkọ́kọ́ bọ inú férémù, igun kan wọlé, igun kejì kọ̀. Ó gbé dígí náà ti ògiri, ó yọ ìwọ̀n jáde, ó wọn férémù náà lókè, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀.

"Ta ló kan férémù jákujàku yìí?"

Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, èérún igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Ojú yín wà níbo nígbà tí ẹ ń kàn án? Ó wọ́ bí ẹjọ́ adájọ́ tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀!"

Àwọn bíríkìlà tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fi irin onígun tirẹ̀ wo férémù náà, ó mi orí.

"Òótọ́ lẹ sọ. Èmi ni mo ṣe é burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́."

Onídígí ti to ọ̀rọ̀ mìíràn sẹ́yìn eyín, gbogbo wọn kú síbẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń bá àwọn ọkùnrin ṣiṣẹ́, wọ́n ti di ẹ̀bi ru igi, wọ́n ti dì í ru òjò, wọ́n ti dì í ru dígí fúnra rẹ̀. Kò tíì rí èyí tó ní òun lòun jẹ̀bi. Ó tún ọkùnrin náà wò.

Káfíńtà ni. Jẹ́jẹ́ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ kí ó gbé ohùn sókè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láìbímọ. Onídígí náà ti di opó tipẹ́, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ, òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó ni wọ́n jọ ń gbé nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìjà yẹn, Jẹ́jẹ́ wá ra dígí ìwojú kékeré kan. Ó padà wá ra òmíràn. Ó tún wá. Télọ̀, obìnrin aláriwo tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá ti Onídígí pín ògiri, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ọkùnrin tí orí rẹ̀ pá bí igbá! Kí ló fẹ́ máa fi gbogbo dígí yìí wò?"

"Oníbàárà ni, fi í sílẹ̀."

"Oníbàárà kọ́, oníbàárà ni. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ikú ló máa so yín pọ̀. Èmi ni alárinà yín láti òní lọ, mi ò gba owó."

Télọ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun ló gbé e bọ̀, ó sì ń fi iyọ̀ sí i lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ fi ń wá láìra nǹkan kan. Á jókòó lórí àpótí nígun ṣọ́ọ̀bù, á máa wo bí Onídígí ṣe ń fi irin rẹ̀ fa ìlà tín-ín-rín lórí dígí, tí á sì ṣẹ́ ẹ jẹ́ẹ́, bí ẹni ṣẹ́ bisikíìtì. Òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá máa ń wà lára aṣọ rẹ̀. Bó bá ti lọ, òórùn yẹn ṣì máa ń wà lórí àpótí, Onídígí á sì wá iṣẹ́ kan ṣe lápá ibẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ooru bẹ̀rẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń wá ní ṣégeṣège tẹ́lẹ̀, ó wá dáwọ́ dúró. Láàárín iṣẹ́, iná á ràn láti àyà rẹ̀, á gun ọrùn, á bo ojú, òógùn á sì máa kán sórí dígí. Ní ọjọ́ kan, abala ńlá yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kó gé e lẹ́sẹ̀. Oorun sá. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ rí dókítà.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ń kánjú. Ó fún un ní oògùn méjì. Èkíní jẹ́ àlẹ̀mọ́ra, bébà rírọ̀ kan tí a ń lẹ̀ mọ́ ìdí. Ẹsitirójìn, èròjà tó ń dín lára obìnrin tó fẹ́ ṣíwọ́ nǹkan oṣù, ló wà nínú rẹ̀. Èkejì jẹ́ hóró funfun, pirojẹsitẹ́rónì, tí yóò máa lò fún bí ìdajì oṣù kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ṣì ní ilé ọmọ," ló wí. "Ẹ ò gbọdọ̀ lo èkíní láìlo èkejì."

Kò sọ ìdí.

Àlẹ̀mọ́ra náà ṣe bí idán. Iná kú. Oorun padà. Onídígí bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nídìí iṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì dára rárá, Télọ̀ ń lu ògiri pé kó sinmi. Láàárín ìgbádùn yẹn ni Jẹ́jẹ́ dìde lórí àpótí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọn èérún igi kúrò lára.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa pè yín ní 'ìwọ'?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹni tí mo bá fẹ́ fẹ́, mi ò fẹ́ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá ìyàwó."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti gbà, ìwọ yìí."

Hóró funfun ló ba nǹkan jẹ́. Oṣù kìíní, ó kàn ń wú u níkùn ni, ọyàn sì ń dùn ún. Oṣù kejì, òkùnkùn wá. Onídígí mọ ìbínú, ó ti ń bínú láti kékeré, ó sì máa ń mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Èyí yàtọ̀. Ìbínú náà ló kọ́kọ́ ń dé, lẹ́yìn náà ni yóò máa wá ẹni tí yóò bà lé. Ó bà lé ìyá rẹ̀ nítorí síbí. Ó bà lé oníbàárà kan tó béèrè bóyá dígí náà máa pẹ́. Ó bà lé òun fúnra rẹ̀: á jókòó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á máa sunkún láìmọ ohun tó ń sunkún fún, á sì máa rò pé kò sí ẹni tó lè fẹ́ irú òun. Bí hóró bá ti tán lóṣù, ojú á là. Á máa ṣe bí ẹni tó ti ìrìn àjò burúkú dé.

Ó padà lọ bá dókítà.

"Hóró yìí ń yí mi lórí."

Ojú dókítà wà lórí kọ̀ǹpútà. "Ọjọ́ orí yín ni, mà. Gbogbo obìnrin ló ń rí i. Ẹ ní sùúrù."

"Bí mo bá dá a dúró, ara mi ń balẹ̀. Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, ó ń padà."

"Bóyá kí n kọ yín sí dókítà ọpọlọ?"

Onídígí wo ẹ̀yìn orí ọmọkùnrin náà. Ó fẹ́ gbá a létí. Ó dìde, ó jáde, ó sì lọ sílé. Kò sọ nǹkan kan fún Jẹ́jẹ́. Ta ló máa sọ fún ọkùnrin tó ń wá fẹ́ ẹ pé òun ń ya wèrè ní ìdajì oṣù?

Inú ìdajì burúkú yẹn ni ọjọ́ tí àwọn ẹbí yóò pàdé bọ́ sí. Jẹ́jẹ́ kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ dàgbà, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà Àgbà, tó sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyá Onídígí kò fẹ́ ìgbéyàwó náà láti ìbẹ̀rẹ̀. "Orí rẹ wà lọ́rùn rẹ," ló ń wí, "o tún fẹ́ lọ gbé e lé ọkùnrin lọ́wọ́." Ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n wá sí pálọ̀.

Wọ́n jókòó. Onídígí gbé omi wá. Tíṣà Àgbà mu díẹ̀, ó nu ẹnu.

"Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Àbúrò mi ò ní ọmọ láyé, ó sì ṣì ní agbára. Ọkùnrin kì í pẹ́ jù láti bímọ. Obìnrin tó ti ṣíwọ́ nǹkan oṣù, igi gbígbẹ ni. Kí ni káfíńtà fẹ́ fi igi gbígbẹ ṣe? Ṣùgbọ́n bó bá takú pé òun nìyí, a ó gbà. Kó ta ṣọ́ọ̀bù yìí. Kó wá máa gbé nílé wa, kó máa tọ́jú ilé, kó máa tọ́jú èmi náà. Ó kéré tán, yóò wúlò."

Onídígí kọ ojú sí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

Kò dáhùn.

Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ru jáde. "Igi gbígbẹ? Ẹ̀yin tí àbúrò yín jẹ́ káfíńtà, ẹ ò mọ̀ pé igi gbígbẹ ni wọ́n fi ń kan férémù? Igi tútù ló ń wọ́! Ẹ fẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, ẹ wá á lọ́jà, ẹ má wá a nínú pálọ̀ ìyá mi!" Ó gbé ife omi, ó là á mọ́ ògiri lókè orí Tíṣà Àgbà. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀. Kò lè dúró. Ó yí sí Jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà, máa wo ilẹ̀! Àbájọ tí ìyàwó rẹ fi kú. Ìdákẹ́ rẹ ló pa á!"

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó gbọ́ ọ. Jẹ́jẹ́ gbé ojú sókè nígbà náà. Ó ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ dìde, ó gbọn àfọ́kù kúrò ní èjìká rẹ̀, wọ́n sì jáde.

Ìròyìn tí Télọ̀ gbé bọ̀ kò ní iyọ̀, kò ní ata. "Tíṣà Àgbà ní wèrè wà nínú ìdílé yín. Ó ní kí àbúrò òun má tún yà síbí mọ́. Jẹ́jẹ́ náà kò sì sọ nǹkan kan."

"Kò sọ nǹkan kan," ni Onídígí tún wí. "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ ti ń ṣa àfọ́kù ife lábẹ́ àga. Ó jókòó sílẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ nínà.

"Wèrè wà lóòótọ́," ló wí. "Èmi ni. Nígbà tí tèmi fẹ́ ṣíwọ́, bàbá rẹ ní mo ya wèrè. Ooru ń mú mi, mi ò sùn, mò ń pariwo. Ó kó mi padà fún àwọn ènìyàn mi. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá kan títí ọdún fi yípo. Iléèwé ni ìwọ ń gbé nígbà náà, wọ́n ní mo lọ tọ́jú ìyá mi."

Onídígí rántí àwọn oṣù yẹn. Ó rántí pé òun bá ìyá òun bínú nítorí pé kò kọ̀wé.

"Nígbà tí mo padà, ó ní òun ti dárí jì mí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Dárí jì mí! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí o fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin rere ni bàbá rẹ kí ara mi tó yí. Àmọ́ tìrẹ kò rí bíi tèmi. Mò ń wò ọ́. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ hóró funfun yẹn ni ojú rẹ ń yí, bó bá tán o ń di ọmọ mi padà. Sọ ọ́ nù."

Ó sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ó ń lẹ àlẹ̀mọ́ra lọ, nítorí pé kò fẹ́ kí iná padà, kò sì sí ẹni tó tíì ṣàlàyé fún un ohun tí hóró náà wà fún.

Oṣù ń gorí oṣù. Òkùnkùn kò wá mọ́. Télọ̀ ní Jẹ́jẹ́ ń béèrè rẹ̀, ó ń rù, ó ń kan àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.

"Ṣé ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì bá a sọ ọ́."

"Kó dúró síbẹ̀ nígbà náà."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọkàn líle, ṣùgbọ́n ó gbé àpótí igun ṣọ́ọ̀bù pamọ́ sẹ́yìn, nítorí pé kò lè wò ó. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa òkú obìnrin yẹn ń jẹ ẹ́. Ó fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀. Bó bá sì dìde láti lọ, á rántí ọkùnrin tó ń wo ilẹ̀, á tún jókòó. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ wá? Ṣé ẹni tó sọ̀rọ̀ jù ni, àbí ẹni tí kò sọ nǹkan kan?

Ẹ̀jẹ̀ ló yanjú ìyẹn. Ó ń gbé dígí sórí tábìlì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i tó ń ṣàn dé kókósẹ̀. Kì í ṣe bí ẹ̀jẹ̀ oṣù. Télọ̀ ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, lọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Ìyẹn gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ.

"Ìtẹ́ inú ilé ọmọ yín, awọ tó tẹ́ ẹ nínú, ti nípọn ju bó ti yẹ lọ. Ẹsitirójìn tó ń pa iná ara yín, òun náà ló ń mú un nípọn. Pirojẹsitẹ́rónì ló ń dá a dúró. Bí kò bá sí i, ìtẹ́ yẹn á máa ga, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún yín ní méjì."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́."

"Mo sọ fún dókítà yẹn pé hóró náà ń sọ mí di ẹranko. Ó ní ọjọ́ orí mi ni. Ó ní kí n lọ rí dókítà ọpọlọ. Mo fọ́ ilé ara mi nítorí hóró kan, tí mo bá sì kú nítorí pé mo sọ ọ́ nù, á ní ọjọ́ orí mi ni!"

"Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú," ni dókítà náà wí. "Àwọn ara kan wà tí wọn kì í bá pirojẹsitẹ́rónì rẹ́. Orí yín kò dàrú. A lè pààrọ̀ irú rẹ̀, ẹ lè máa fi í sójú ara dípò kí ẹ gbé e mì, tàbí kí n fi lúùpù, ike kékeré kan tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀, sínú ilé ọmọ. Ibẹ̀ ló ti máa ṣe púpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, díẹ̀ ló máa wọ ẹ̀jẹ̀. Mi ò ní búra fún yín pé ara yín máa gbà á. Àmọ́ lákọ̀ọ́kọ́, mo ní láti gé díẹ̀ lára ìtẹ́ yẹn, kí á mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Wọ́n gé e. Wọ́n ní kó padà wá gbọ́ èsì. Ọjọ́ tó padà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ẹnì kan jókòó tì í. Òórùn igi ló kọ́kọ́ mọ̀.

"Télọ̀ sọ fún mi," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Télọ̀ á sọ fún òkúta."

Ó ti rù lóòótọ́. Ó fi ọwọ́ lé e lọ́wọ́, Onídígí kò sì gbé e kúrò. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ọwọ́ yẹn.

"Mo ti mọ̀ báyìí," ni Jẹ́jẹ́ wí ní ohùn ìsàlẹ̀. "Kì í ṣe ìwọ lo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Oògùn ni. Mo ti dárí jì ọ́."

Onídígí fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Ohun tí mo sọ nípa ìyàwó rẹ, mo bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkà ni. Kò tọ́ sí òun, kò tọ́ sí ìwọ. Oògùn ló tì mí, àmọ́ ẹnu mi ló sọ ọ́, mo sì ń tọrọ àforíjì. Ife tí mo fọ́, mo tọrọ àforíjì rẹ̀. Ó ti tán nìyẹn. Èyí tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi ni. Èyí tí mo bi ọ́, èmi ni. Hóró yẹn ti kúrò lára mi tipẹ́, inú ṣì ń bí mi! Wọ́n pe mí ní igi gbígbẹ lójú rẹ, ò ń wo ilẹ̀. Ìwọ lo wá ń dárí jì mí?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kejì ti ń wò wọ́n.

"Òun ló tọ́ mi dàgbà," ni Jẹ́jẹ́ wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀. Ṣé òun ló fẹ́ fẹ́ mi ni?"

"Láti kékeré, bó bá ti ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìyàwó mi náà…" Ó gbọn èérún igi kúrò lórókún rẹ̀. "Ó máa ń sọ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé, òun ò ní ọkọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ fi gún mi. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀."

Ìbínú Onídígí dúró, ó wo ọkùnrin náà, kò lọ, kò sì bọ̀. Nọ́ọ̀sì pè é wọlé.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìtẹ́ náà kàn nípọn ni, ó ṣeé tọ́jú. Ó sunkún lórí àga dókítà, ó sì bú dókítà àkọ́kọ́ nínú ẹkún náà, orúkọ tó pè é kò ṣeé kọ sílẹ̀. Wọ́n fi lúùpù náà sí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dùn ún dé eegun ẹ̀yìn, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ní bí ọkùnrin bá ní ilé ọmọ, wọn ì bá ti rí ọ̀nà mìíràn tipẹ́. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọrùn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀, òkùnkùn sì yọjú lẹ́ẹ̀kan bí àlejò tó ṣi ilé kàn, Onídígí rò pé ó ti tún dé. Kò dúró. Nígbà tí wọ́n tún wo inú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìtẹ́ náà ti fúyẹ́, ara rẹ̀ sì ti fara balẹ̀.

Nígbà náà ni Télọ̀ wọlé tijótijó. "Ọ̀rọ̀ ti yanjú! Tíṣà Àgbà ti gbọ́ pé oògùn ni. Ó ní òun ti dárí jì ẹ́. Ó ní kí o kàn wá bẹ òun, kó parí."

"Gbogbo ayé ló ń dárí jì mí," ni Onídígí wí. Ó wọ bàtà. "Ó dáa. Mò ń bọ̀."

Jẹ́jẹ́ ti wà níbẹ̀ nígbà tó dé. Tíṣà Àgbà jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó na ọwọ́ sí i bí ẹni na ìwé ẹ̀rí sí akẹ́kọ̀ọ́.

"Jókòó, jókòó. A ti gbọ́ pé àìsàn ni. A kì í bá aláìsàn jà."

Onídígí kò jókòó. Ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀ débi pé bàbá náà ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́.

"Ẹ ṣé, sà. Ara mi ti dá. Ife tí mo là mọ́ ògiri lókè orí yín, ẹ má bínú, kò yẹ. Àmọ́ ẹ pè mí ní igi gbígbẹ nínú pálọ̀ ìyá mi. Lọ́jọ́ yẹn mo pariwo, ẹ ní oògùn ni. Lónìí mi ò pariwo. Ó bí mi nínú lọ́jọ́ yẹn, ó ń bí mi nínú lónìí, bí ẹ ò bá gbé e kúrò, á bí mi nínú lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò ní ta ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò ní wá tọ́jú ilé yín. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

Tíṣà Àgbà yí sí àbúrò rẹ̀, ó mi orí bí ẹni káàánú. "Ṣé o rí i? Ó ṣì ń ṣe é."

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é!"

Onídígí fò sẹ́yìn. Kò mọ ohùn yẹn. Fèrèsé ilé kejì ṣí, obìnrin kan yọjú, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé ládùúgbò, kò tíì sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ láti ilé náà.

Jẹ́jẹ́ ti dìde. Ojú rẹ̀ wà lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ bú u, inú bí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹ bú ìyàwó mi bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú, mò ń wo ilẹ̀. Ẹ tọ́ mi, mo dúpẹ́, mi ò ní yéé dúpẹ́. Àmọ́ ẹ ò ní bú èyí. Mi ò wá ọmọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni mo wá."

Tíṣà Àgbà kò bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì bẹ̀bẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Ó wá síbẹ̀, ó pẹ́ dé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò. Onídígí kò sá tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ ìwé yẹn, Jẹ́jẹ́ ní láti kojú ìyá Onídígí. Òun nìkan ló wọlé lọ bá a. Onídígí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní," ni ìyá àgbà wí. "Ara obìnrin kì í yí lẹ́ẹ̀kan. Lúùpù yẹn lè kọ̀ lọ́la, ooru lè padà, ó lè tún pariwo mọ́ ọ bí ẹranko. Lọ́jọ́ yẹn, ibo lo máa kó o lọ?"

"Mi ò ní kó o lọ síbì kankan, mà. Dókítà la jọ máa lọ bá. Bó bá lé mi jáde, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi ṣílẹ̀kùn."

"Ọkọ mi náà mọ̀ ọ́n sọ báyìí."

"Mo gbọ́ ohun tó ṣe fún yín. Ẹ má gbà mí gbọ́, mà. Ẹ máa ṣọ́ mi."

Ìyá àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Ó dáa. Mo ti ń múra àtikú tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo ti sún un síwájú. Màá wà láàyè, màá máa ṣọ́ ọ."

Ó sì wà láàyè. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún báyìí, eyín rẹ̀ kò ku ọ̀kan, ó ń gbé pẹ̀lú wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àárọ̀ kì í mọ́ kó má béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ bóyá ọkùnrin náà ti ṣẹ̀ ẹ́.